Ẹsẹ̀ Tó Ń Wá Omi

Àpá kan wà ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi, ó rí róbótó bí ojú ẹja gbígbẹ. Gbogbo ọmọ ilé mi ló mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n mọ̀ kò jọra. Àwọn kan gbọ́ pé ọta ìbọn ló bà mí ní Port Harcourt nígbà ogun. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ọ̀nì ló gbé ẹsẹ̀ náà hán, pé ìgbájú tí mo fún un ni kò jẹ́ kó rí i gbé lọ. Ọta ìbọn yẹn ti bá mi gba àga tó dáa jù níbi ìgbéyàwó, ó ti bá mi gba ẹran tí eyín mi ò lè jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ wúwo lórí àgbàlagbà. Òpùrọ́ gbọ́dọ̀ rántí ohun tó sọ lánàá, èmi ò sì rántí ibi tí mo fi awò ojú mi sí láàárọ̀ yìí. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Bí àbùmọ́ bá yọ́ wọlé níbì kan, ẹ fọwọ́ tì í síta, kí ẹ máa kà á lọ.

Sòbìà ló dá àpá náà sí mi lára. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe sòbìà rí. Iṣẹ́ tí sòbìà náà rán mi ni mi ò lè sọ.

Ọdún 1969 ni. Ogun ò tíì parí, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ìgboro Port Harcourt, ó ti lọ sókè lọ́hùn-ún níbi tí a ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yí àgbá lórí pákó. Kọngilá kan kó wa wá láti ilé pé kí a wá tún páìpù omi ìlú ṣe. Standard Two ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, nítorí pé èmi àti tíṣà kò gbọ́ ara wa yé, nítorí náà iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kò ṣòro: kí n gbẹ́ ilẹ̀ títí páìpù á fi yọ, kí n wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó kàwé jù mí lọ wá wò ó, kó sì mi orí. A gbẹ́ láti Mile 3 títí dé ọ̀nà Woji. A rí páìpù. A ò rí omi.

Inú ilé ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n fi wá wọ̀ sí ní Mile 3. Ará Ikwerre ni, ó sá lọ sínú igbó nígbà tí ìbọn ń dún, ó padà dé, ó bá ilé rẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ òrùlé. Mama là ń pè é. Píjìn ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, torí pé kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Èmi àti ọkùnrin kan ará Ìbàràpá la jọ wà ní yàrá kan. Káfíńtà ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni.

Kànga kan wà láàárín àgbàlá Mama. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ kó tó kú, òun náà ló fi sìmẹ́ńtì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ilẹ̀ Port Harcourt kò jìnnà sí omi. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, èèyàn á jókòó sí ẹnu kànga, á fi igbá bu omi láìlo okùn. Gbogbo àdúgbò ló ń mu níbẹ̀. Láìsí kànga yẹn, odò kan ló kù ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ìdènà ṣọ́jà méjì sì wà lójú ọ̀nà. Mama kò ní ohun mìíràn tí ogun ò tíì mú. Ó máa ń gbá ẹnu kànga náà kí ó tó gbá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú. Ní àárọ̀, ó máa ń bá ìrẹ̀ nínú omi náà, ọ̀kan tàbí méjì. Ìrẹ̀ kì í wẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ní ọjọ́ kan ó fi igbá gbé ọ̀kan jáde, ó dà á sórí sìmẹ́ńtì. Ojú wa báyìí ni kòkòrò dúdú kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ìdí ìrẹ̀ yẹn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó ń jáde, ó ń jáde, ó gùn ju ẹni tó gbé e sínú lọ nígbà mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin Èkìtì kan tí ń fọ egbò ní ilé ìgbòògùn wá pọn omi lọ́jọ́ náà. Dírẹ́sà là ń pè é. Ó dúró, ó wò ó.

Ó ní, "Inú ìrẹ̀ ló ń gbé títí á fi dàgbà. Bó bá dàgbà tán, inú omi ló ti gbọ́dọ̀ bímọ. Kò lẹ́sẹ̀. Ìrẹ̀ ló lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, á da ìrẹ̀ lórí rú títí ìrẹ̀ á fi bẹ́ sínú omi."

Ó sọ ọ́ fún Mama ní Píjìn. Mama pàtẹ́wọ́. "Na wa o! So na the worm dey drive am like motor?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ìrẹ̀ tí kòkòrò lè rán níṣẹ́, ìrẹ̀ òmùgọ̀ ni. Mo sọ fún Mama pé ìrẹ̀ abúlé wa gbọ́n, ó sì tóbi, débi pé a máa ń so okùn mọ́ ọn lọ́rùn kó má baà jẹ oko olóko. Mama wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní irọ́ mi ju ti rédíò lọ. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọrùn ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí. Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Ọjọ́ kejì, ó wú. Ọjọ́ kẹta, ó lé ròrò, iná sì dé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa júwe iná yẹn fún ẹni tí kò ṣe é rí. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀yinná kan sábẹ́ awọ èèyàn, tí wọ́n wá rán an pa. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, o gbé àlejò wá láti ilé. Sòbìà ni."

"Sòbìà kẹ̀? Ní Port Harcourt?"

"Ṣé kó lọ gba páàsì lọ́wọ́ ṣọ́jà kó tó wọlé ni?"

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Mo wá ewé olúgànbe kiri Mile 3 títí ẹnu fi rọ mí. Ará ibẹ̀ tí mo bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, á rò pé èèyàn ni mo ń wá, ó ní kí n lọ bi ṣọ́jà bóyá wọ́n ti mú un.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n má dààmú. "Iṣan ara ni. Kò sí ẹ̀dá tí kò ní in. Tìrẹ jí, tèmi ń sùn. Ìgbà tó bá wù ú ló máa ń jáde."

Ohun tí bàbá mi gbà gbọ́ náà nìyẹn, ohun tí bàbá bàbá mi gbà gbọ́ nìyẹn. Sòbìà tó jáde lára bàbá bàbá mi, wọ́n fi so ewúrẹ́ mẹ́ta mọ́ èèkàn. Ó dáa, méjì. Lójú tiwa, ẹni tó bá ní omi ló fa sòbìà, kò gbọ́n. Ṣé omi adágún tí gbogbo abúlé jọ ń mu náà ló máa wá yan ẹsẹ̀ èèyàn kan?

Mo lọ bá dírẹ́sà. Ó fọ egbò náà, ó tẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ yọ síta, funfun báyìí bí òwú fìtílà. Ó ṣẹ́ igi ìṣáná, ó ká a mọ́ ọn díẹ̀, ó di í. Ó ní kí n máa ká a lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí n má fà á já, torí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́.

"Iṣan mà ni, dókítà," ni mo wí.

"Bọ̀dá, kòkòrò ni. Ẹ mu ún nínú omi ní ilé yín ní bí ọdún kan sẹ́yìn. Ó ti dàgbà, abo ni, oyún sì wà nínú rẹ̀. Iná tó ń jó yín yẹn, òun ló dá a. Ó fẹ́ kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi. Bí ẹ bá ti bọ̀ ọ́, á bímọ sínú omi náà. Ẹni tó bá mu ún, á rí tirẹ̀ ní àmọ́dún."

Ìrọ̀lẹ́ ni ó wá sílé wa, ó tún un sọ lójú Mama. Mama kò wo ẹsẹ̀ mi. Kànga ló ń wò.

"My pikin," ó ní, "I no go drive you." Ó ní òun ò ní lé mi, torí pé wọ́n lé òun náà rí, òun sì mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n omi yẹn ni àwọn aboyún ń mu. Omi yẹn ni ọmọ ọwọ́ ń mu. Ó ní kí n búra.

Mo fi orí ìyá mi búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní kan kànga náà.

Ọ̀gá wa ní kí n jókòó sílé títí ẹsẹ̀ á fi san. Báyìí ni mo ṣe di ọ̀lẹ tó ń ṣiṣẹ́ tó le jù láyé mi. Ní ọ̀sán gbogbo, àwọn ẹlòmíràn á lọ, á ku èmi àti ẹsẹ̀ mi. Mo fi àkísà tútù lé e, àkísà á gbẹ kí n tó ka ení dé ogún. Oorun kò wá. Oúnjẹ kò lọ. Kì í ṣe pé mo ń ké, ẹni tó ní agbára ló ń ké. Mo kàn ń wo òkè àjà níbi tí kò sí òrùlé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé kòkòrò náà kò sọ fún mi rí pé kí n lọ sínú omi. Ó jẹ́ kí èmi fúnra mi máa sọ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní, mo gbé àpótí mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, mo ní torí pé atẹ́gùn wà níbẹ̀ ni. Atẹ́gùn kankan kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ẹ̀yìn ti sìmẹ́ńtì rẹ̀, mo ní torí pé ó tutù ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí lọ́yà. Mo ní: Ẹ̀gbọ́n dàgbà ju dírẹ́sà lọ. Dírẹ́sà yẹn ò tíì ní irùngbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ iṣan ni, iṣan ara mi ni, ta ló sì sọ pé iṣan èèyàn kò gbọdọ̀ wẹ̀? Ìbúra tí mo búra, mo búra rẹ̀ lórí kòkòrò. Tí kì í bá ṣe kòkòrò, ìbúra náà kò mú mi. Èmi tí mi ò lè yọ méje kúrò nínú mẹ́tàlá ní Standard Two! Mi ò ronú jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún ronú bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti ya mí lẹ́nu.

Òjò ńlá rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Mama lọ wa ẹ̀gẹ́ lóko. Ẹ̀gbọ́n lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo ni mo dìde, mi ò lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé mo jókòó sí ẹnu kànga, ẹsẹ̀ òsì mi wà nínú omi dé agbede ojúgun, iná náà sì kú pátá. Ó kú bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fìtílà pa. Mo sunkún. Láàárín gbogbo ọjọ́ yẹn, ìgbà yẹn ni mo tó sunkún, ìtura ló pa mí lẹ́kún. Mo ti ń tòògbé, mo bá wo ìsàlẹ̀.

Ohun funfun kan ń tú jáde láti ọrùn ẹsẹ̀ mi, bí omi orí ògì. Ó jáde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún jáde. Ó ń fẹ̀ nínú omi náà, ó ń lọ.

Iṣan kì í bímọ.

Mo fa ẹsẹ̀ mi yọ. Ó ti pẹ́ jù. Mo wo omi náà, kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀, ó mọ́ kedere. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Sòbìà kì í yọ kó tó di ọdún kan. Bí mo bá dákẹ́, n ó ti wà nílé mi kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Mo ṣì ń gbé èrò náà yẹ̀wò nígbà tí Mama wọlé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí, òógùn bò ó. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó mú igbá. Ó ń bọ̀ níbi kànga.

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde ni: "Mama! No touch am! Bomb dey inside!"

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò ọkàn mi ni pé wọn ò ní pọn omi níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n fi ríbi ronú. Kí n tó ríbi jókòó, àdúgbò ti kún, ẹnì kan sì ti lọ pe ṣọ́jà. Sájẹ́ǹtì kan dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọdún tó kọjá. Ó ní kí n júwe ohun tí mo rí.

Ká ní mo sọ pé irin kékeré kan ni, bóyá wọn ì bá fi ìkọ́ wá a, kí wọ́n má rí nǹkan, kí gbogbo rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ kékeré. Mo ní ó tóbi tó ewúrẹ́. Ó ní ṣé ó ní ìrù? Mo ní ó ní ìrù, ó sì ní ìyẹ́ ní ìdí. Ó ní ṣé ó ń dún? Mo ní ó ń dún fínrínfínrín, bí aago. Bó ṣe ń bi mí ni bọ́ǹbù náà ń dàgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní kí wọ́n ṣáà fi ìkọ́ wò ó.

"Ta ni?" ni sájẹ́ǹtì wí. "Èmi? Mo ní ìyàwó méjì nílé. Ẹ dí i."

Mama bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ lórí omi òjò, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n kàn fi nǹkan bò ó, ọkọ òun ló gbẹ́ ẹ. Sájẹ́ǹtì fà á dìde jẹ́jẹ́, kò bú u, ó kàn ń sọ pé "Sorry, Mama, sorry." Wọ́n kó àlàpà ilé tó wó dà sínú rẹ̀, wọ́n kó iyanrìn lé e lórí. Omi náà ń yọ sókè bí wọ́n ṣe ń dà á, ó ń ṣàn káàkiri àgbàlá, ó kan ẹsẹ̀ gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n parí, Mama mú ìgbálẹ̀, ó gbá ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń gbá a. Àwọn aládùúgbò wá ń dì mọ́ mi. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fi mí sílé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n dé, ó gbọ́, ó wọ yàrá, ó wo ẹsẹ̀ mi. A jẹun tán.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Bọ́ǹbù yẹn, ṣé ó ṣì ń yún ẹ?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bò mí láṣìírí. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó ní láyé òun, òun ò rí iṣan tó ń sọ bọ́ǹbù síni nínú kànga rí. Ó kọjú sí ògiri. Kò hanrun lóru náà, èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò sùn.

Nígbà tí mo padà lọ bá dírẹ́sà, ó ń ká sòbìà náà mọ́ igi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ kànga. Ó ní ó ṣe òun láàánú. Mo fi ọgbọ́n bi í pé, ká tiẹ̀ sọ pé kì í ṣe bọ́ǹbù, ká sọ pé ẹlẹ́sòbìà kan ló ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣé dídí náà ni wọn ì bá dí i?

"Rárá o," ó ní, láìgbé orí sókè. "Aṣọ funfun ni wọn ì bá máa fi sẹ́ omi náà kí wọ́n tó mu ún. Aṣọ tí wọ́n bá hun dáadáa. Kòkòrò wínníwínní tó ń gbé ọmọ sòbìà nínú omi kò lè kọjá níbẹ̀. Ẹ má fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, Bọ̀dá."

Mo ní aṣọ funfun kan nínú àpótí mi. Èyí tí mo gbé wá fún ọjọ́ ìsinmi ni.

Sòbìà náà gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó jáde tán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń sọ pé ó gùn láti Mile 3 dé Oyigbo. Kò gùn ju apá mi kan lọ. Mo ká a sínú ìdérí agolo, mo fẹ́ lọ sun ún níná, ni Mama yọ láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Ó ní kí n fi han òun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Na this thing?"

"Na him, Mama."

"E tell you make you put leg for my well?"

Ẹnu mi là. Ó là gan-an.

"E tell me every day, Mama."

"And you no gree." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà le, ó sì gbẹ. "Thank God. If you gree am, wetin we for do?"

Mo mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Mo mọ iye aṣọ tí yóò gbà.

Mo ní, "Yes, Mama."

Ó ṣe òṣùká, ó gbé korobá lé e, ó gba ọ̀nà odò lọ. Ó ní òun fẹ́ tètè kọjá ìdènà kejì kí oòrùn tó mú, nítorí pé àwọn ṣọ́jà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí obìnrin kọjá lẹ́yìn ọ̀sán.